Ìsopọ̀ Kọ́, Ìrọsínú Ni: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Wọ Inú Fọ́nrán Dígí ní Ilé Ìkó-Dátà-sí

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ń kó ìyọnu bá atúmọ̀ èdè sáyẹ́ǹsì, èyí tí ó ṣàjèjì pátápátá kọ́ ni ó léwu jù. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣàjèjì, bí irú lésà tàbí sílíkọ́nì, a ó yá a, a ó fi àmì ohùn sí i, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Èyí tí ó léwu ni ọ̀rọ̀ tí ó dàbí ẹni pé irú rẹ̀ ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú irú wọn ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ gbígbé ìmọ́lẹ̀ kúrò nínú lésà wọ inú fọ́nrán dígí. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń lò fún kíkọ́ ọkọ̀ kan mọ́ òmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún atúmọ̀ láti kọ "ìsopọ̀" sílẹ̀ kí ó sì kọjá lọ. Ìsopọ̀ kò tọ́ níbẹ̀, àṣìṣe náà kì í sì í ṣe ti èdè nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi ìsopọ̀ kọ́ yóò gbà pé nígbà tí nǹkan méjì bá ti so pọ̀, iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ni èyí, tí kò kan olùkọ́ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Oníṣòwò tí ń gba owó ọjà lórí tẹlifóònù ní Ìfọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wo èsì ìdánwò JAMB, èyí tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, àti ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Rufus Giwa Polytechnic, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1979, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìbéèrè tí ẹnìkan bá fi tẹlifóònù rán láti Ìdóàní yóò gba inú afẹ́fẹ́ dé orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ọ̀nà rédíò tàbí ti fọ́nrán dígí lọ, títí yóò fi dé ilé ìkó-dátà-sí, èyí tí púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní Èkó. Èkó náà ni àwọn okùn abẹ́ òkun ń gúnlẹ̀ sí: MainOne ní 2010, Equiano ní oṣù Igbe 2022, àti àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, nígbà tí okùn bíi mẹ́rin já létí òkun Côte d'Ivoire, gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́, nítorí pé àwọn ilé ìfowópamọ́ pàápàá kò rí iṣẹ́ ṣe dáadáa. Irú òfò bẹ́ẹ̀ a máa pariwo. Èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kì í pariwo. Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀, láàárín àlàfo tí irun orí kò lè gbà kọjá.

Nínú ilé ìkó-dátà-sí kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ni ó wà lórí pẹpẹ irin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ nínú ilé náà pọ̀ ju èyí tí ń jáde lọ sí ìta. Tẹ́lẹ̀ rí, wáyà bàbà ni ó ń ru ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti ń yára sí i ni bàbà ń rẹ̀wẹ̀sì; bí eré náà bá ti dé ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù àmì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí wáyà kan, bàbà lásán kò lè gbé e ju bíi mítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní orí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, níhà méjèèjì, ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Ó ń gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní èdè iná mànàmáná, ó ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ìhà kejì wá, ó ń dá a padà sí iná. Ògbufọ̀-ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ rí ni yóò mọ̀ pé láàárín èdè méjì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń sọnù.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀ràn náà dá lé lórí. Fọ́nrán dígí nípọn tó máíkírómítà 125, bẹ́ẹ̀ máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan. Gbogbo ara rẹ̀ kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tí ó wà nínú rẹ̀ bí mùdùnmúdùn ti wà nínú egungun, ni ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀, mùdùnmúdùn náà kò sì ju máíkírómítà 9 lọ nínú irú fọ́nrán tí ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lára lésà tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò ju máíkírómítà kan tàbí méjì, bí ìmọ́lẹ̀ náà sì ti ń jáde ni ó ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti àwọn ẹ̀rọ tuntun tí a ń fi sílíkọ́nì ṣe, ojú-ipa tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀ lórí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì fẹ̀ tó ìdajì máíkírómítà péré, gíga rẹ̀ kò sì pé ìdámẹ́rin. Bí a bá kàn gbé ojú fọ́nrán ti ojú lésà láìfi awò kankan sáàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bí a bá sì gbé e ti ojú-ipa sílíkọ́nì bẹ́ẹ̀, kò ní pé ìdá kan nínú ogún. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ti so pọ̀! A ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn pinpin, ẹnikẹ́ni kò lè fa ọ̀kan yọ lára èkejì, síbẹ̀ ohun tí a torí rẹ̀ so wọ́n pọ̀ ti dànù.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà lẹ́nu àwọn tí ń ta epo pupa. Ẹni tí ó bá dé Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀, tàbí ọjà èyíkéyìí ní Ọ̀sẹ̀, yóò rí bí wọ́n ṣe ń gbé epo kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì wọ inú ìgò. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ń so kẹ́ẹ̀gì pọ̀ mọ́ ìgò. A lè sọ pé ó ń da epo sínú ìgò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè dáadáa yóò sọ pé ó ń rọ epo ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú dídà àti rírọ kì í ṣe kékeré. A lè da nǹkan sílẹ̀, a lè dà á sínú agbada. Ẹnu ohun tí a ń dà á sí kò jẹ́ bàbàrà. Rírọ béèrè ẹnu tóóró, ó béèrè ọwọ́ tí kò gbọ̀n, ó sì mú ìbẹ̀rù lọ́wọ́ pé èyí tí ó bá tàsé ẹnu ìgò ti di ti ilẹ̀. Ìyá tí ń rọ ọmọ lágbo náà mọ èyí, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n. Ohun èlò tí a fi ń rọ epo ni a ń pè ní àrọ, ó sì ṣòro láti gbà pé orúkọ yìí kò bá ọ̀rọ̀-ìṣe náà tan.

Nígbà náà, bí a bá pe iṣẹ́ tí à ń wí yìí ní ìrọsínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo ìdílé rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e láìsí wàhálà. Awò tàbí ojú-ipa onírìnsẹ̀ tí ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá di àrọ-ìmọ́lẹ̀. Apá tí ó wọlé nínú gbogbo èyí tí a rọ di ìdá-ìwọlé, òun sì ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń jà lé lórí. Èyí tí kò wọlé ni òfò. Bí a bá túmọ̀ ìdá-ìwọlé sí "agbára ìsopọ̀", bí ẹni tí ó ń kánjú lè ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá agbára níbi tí kò sí agbára. Yóò rò pé bí ó ti le tó ni a ń wí, nígbà tí ó jẹ́ pé iye tí ó wọlé ni.

Òfò yìí ni a ń fi désíbẹ́ẹ̀lì wọ̀n. Ó yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé òṣùwọ̀n ìlọ́po ni, kì í ṣe ti àròpọ̀ lásán. Désíbẹ́ẹ̀lì 3 ni kí ìdajì sọnù. 6 ni kí ìdámẹ́rin ṣẹ́kù. 10 ni kí ìdá kan ṣẹ́kù nínú mẹ́wàá. Ní 1966, nígbà tí Charles Kao àti George Hockham kọ́kọ́ fi hàn pé fọ́nrán dígí lè ru ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, dígí ayé ìgbà náà ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1970 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí òfò rẹ̀ kò pé désíbẹ́ẹ̀lì 20 ní kìlómítà kan. Lónìí, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 0.2. Èyí já sí pé okùn kìlómítà 30, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ènìyàn láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, kò mú ju désíbẹ́ẹ̀lì 6 lọ. Ìrọsínú kan ṣoṣo tí a kò ṣe dáadáa, níbi tí ìdámẹ́rin péré ti wọlé, ti ná iye kan náà kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lójú kan. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ tí a ṣe lórí fọ́nrán, èyí tí Kao gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2009, ni a ń sọ nù ní ẹnu ọ̀nà.

Ìṣirò kan yóò là á yé ni. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn iye inú rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí a ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní lésà kan ń tan ìmọ́lẹ̀ mìlíwáàtì 40. Ìrọsínú àkọ́kọ́ ni láti inú lésà sí orí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì. Bí ìdajì bá wọlé, ó ku 20. A pín in sí ojú-ipa mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 5. Ohun tí ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìmọ́lẹ̀ wà lórí ojú-ipa kọ̀ọ̀kan, òun náà a sì máa jẹ nínú ohun tí ó ń rù. Bí ó bá fi ìdámẹ́rin sílẹ̀, ó ku 1.25. Ìrọsínú kejì ni láti orí pẹlẹbẹ sínú fọ́nrán. Ìdajì tún lọ, ó ku bíi 0.63. Bí fọ́nrán àti àwọn oríkèé rẹ̀ bá mú ìdá kan nínú márùn-ún, ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ agbàmọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun jẹ́ mìlíwáàtì 0.5. Nísinsìnyí, kí ohun gbogbo wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kí ìdá-ìwọlé àwọn ìrọsínú méjèèjì kúrò ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó di 80. Lésà tí ń tan mìlíwáàtì 16 ti tó: 12.8 ni yóò wọ orí pẹlẹbẹ, ojú-ipa kọ̀ọ̀kan yóò gba 3.2, yóò di 0.8, yóò di 0.64, díẹ̀ lé ní 0.5 yóò sì dé òpin. Láti 40 sí 16, láìṣe pé a fọwọ́ kan lésà fúnra rẹ̀!

Ohun tí ó mú kí iye yìí wúwo ni pé díẹ̀ nínú iná tí lésà ń jẹ ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ń di ooru. Lésà tí ara rẹ̀ bá gbóná a máa tan ìmọ́lẹ̀ dín, a tún ní láti fi iná kún iná rẹ̀, ooru á tún pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì kúrú. Ẹ̀rọ apínnà tuntun kan lè ní ẹnu 64, kí ògbufọ̀-ìmọ́lẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ wáàtì 15, gbogbo wọn jẹ́ 960, iye tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan lè jẹ, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru. Òtítọ́ ni pé lésà nìkan kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Ohun tí ń ṣètò àmì iná nínú rẹ̀ ń kó púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru lésà kì í dá rìn. Ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò lé e jáde, òun náà ń jẹ iná, ní orílẹ̀-èdè tí iná ìjọba kì í dúró, tí ilé ìkó-dátà-sí kò gbọ́dọ̀ ṣàìní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Owó òfò tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín máíkírómítà mélòó kan ni yóò parí sórí owó dísù, àti sórí iye tí ẹni tí ń ra dátà ní Òkèlúsè yóò san.

Èyí ni ó fà á tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń wá ọ̀nà tuntun. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025 ni Nvidia kéde àwọn ẹ̀rọ apínnà tí ògbufọ̀-ìmọ́lẹ̀ wọn kò sí lẹ́nu mọ́, tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé lésà tí wọ́n ń lò dín kù sí ìdámẹ́rin iye ti tẹ́lẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, lésà wà lọ́tọ̀ níta, fọ́nrán ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ibi tí a ti ń rọ ìmọ́lẹ̀ tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ni, kò dín kù.

Ó tọ́ kí a sọ ibi tí àfiwé àrọ epo ti ń tiro, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá mọ ààlà rẹ̀ lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Epo kò ní àbùdá kan tí ó gbọ́dọ̀ bá ti ìgò mu. Bí àrọ bá ti wà, kí a ṣe sùúrù, gbogbo rẹ̀ yóò wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìrísí, ó ní ìhà tí ó kọjú sí, kìkì èyí tí ìrísí rẹ̀ bá bá ti ojú-ipa mu ni yóò gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó tú ká sí gbogbo ìhà, bí irú ti gílóòbù, kò sí àrọ kan láyé tí ó lè kó gbogbo rẹ̀ wọ inú mùdùnmúdùn máíkírómítà 9. Èkejì ni pé epo tí ó bá dànù kì í padà wọ kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a máa padà. Níbikíbi tí dígí bá ti pàdé afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ń ta padà sí ibi tí ó ti wá, bí ó bá sì wọ inú lésà, yóò da orí rẹ̀ rú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé ojú àwọn fọ́nrán mìíràn ní dídagẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n igun 8, kí èyí tí ó ta padà lè gba ibòmíràn lọ. Ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á pè ní àtapadà, kí a má ṣe kà á mọ́ òfò lásán.

Ìsopọ̀ náà ní àyè tirẹ̀, kò sì yẹ kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí oníke tí a ń kì bọ ara ẹ̀rọ, tí a lè fà yọ kí a tún kì bọ̀ ọ́, ìsopọ̀ ni. Nígbà tí kátápílà tí ń la ọ̀nà bá já okùn, tí òṣìṣẹ́ sì fi iná mú ojú fọ́nrán méjì yọ́ wọ ara wọn, ìyọ́pọ̀ ni. Òfò rẹ̀ lè má ju désíbẹ́ẹ̀lì 0.05 lọ bí ọwọ́ bá mọ́. Ti ìsopọ̀ oníke a máa ju ti ìyọ́pọ̀ lọ, àti nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo nǹkan láti Ọ̀wọ̀ dé Ìmẹ̀rì, ó lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Eruku kan tí ojú kò rí lè bo mùdùnmúdùn fọ́nrán mọ́lẹ̀ pátápátá. Oníṣẹ́ tí a kọ́ pé ohun tí ó ti so pọ̀ ti so pọ̀ kò ní rántí nu ojú rẹ̀ kí ó tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹni tí a kọ́ pé rírọ ni ó ń rọ yóò kọ́kọ́ wo ẹnu ìgò.

Àwọn kan lè fi ohùn ṣe àtakò. Òtítọ́ ni pé rọ ti alágbẹ̀dẹ, tí ń rọ ọkọ́, àti rọ ti elépo kò yàtọ̀ lóhùn. Rọ̀ ti ohun tí kò le, àti rọ́ ti ẹni tí ń rọ́ ìtàn, yàtọ̀ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n sínú tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe náà nínú ìrọsínú ti mú iyèméjì kúrò. A kì í rọ ọkọ́ sínú nǹkan kan. Bí a bá fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, kò sí ẹni tí yóò kà á sí irọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà fún olùkọ́ ní agbègbè yìí. Ní Ìdóàní, àdúgbò kan ń sọ èdè Iyayu, tí ó jẹ́ ìbátan èdè Ẹ̀dó, Yorùbá sì ni ọmọ ibẹ̀ ń bá pàdé ní ọjà àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìrọsínú nínú èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí àrọ, ó ti rí ẹni tí ń rọ epo. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ti ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù tí a kò tíì rí èyí tí ó tẹ́ni lọ́rùn fún: bí àrọ ti lè yẹ̀ tó kí òfò tó pọ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ. "Àyè ìyẹ̀sẹ̀" ni ó súnmọ́ ọn jù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ̀ tó ti mùdùnmúdùn fọ́nrán kí a tó rọ ọ́, tí ọwọ́ sì yẹ̀ ní máíkírómítà kan, òfò náà jẹ́ nǹkan bí désíbẹ́ẹ̀lì 0.2 péré. Bí a bá jẹ́ kí fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ti ojú-ipa tí ń gbà á wà ní máíkírómítà 3, ìyẹ̀sẹ̀ kan náà yóò mú désíbẹ́ẹ̀lì 1.9, ó ju ìdámẹ́ta ìmọ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ẹni tí ń ṣe àrọ-ìmọ́lẹ̀ fi ń kọ́kọ́ fẹ ìmọ́lẹ̀ lójú, kí ó tó gbé fọ́nrán sún mọ́ ọn, tí yóò sì máa wo òṣùwọ̀n bí ó ti ń tì í síwá sẹ́yìn, kí ó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.